Ọdún Tí Wọn Ò Kà Mí Mọ́

Oṣù kejìlá ọdún 2008 ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni, lẹ́bàá Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan, mo sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní fúngbà díẹ̀ ni, pé bí ọjà bá ti gbérí wọn á pè wá padà. Mo gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa rí, tí wọ́n sì pè wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí oṣù kẹfà ọdún 2009 tó parí, Chrysler àti General Motors ti wà níwájú adájọ́ nítorí gbèsè, ilé iṣẹ́ tiwa sì ti kógbá sílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ iye àwọn aláìníṣẹ́ tí ìjọba ń kéde lóṣooṣù bí aláìsàn ṣe ń ṣọ́ ojú dókítà. Bí iye náà bá gòkè, inú mi á bàjẹ́. Bó bá wálẹ̀, màá sọ fún ìyàwó mi pé ó kù díẹ̀. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi gbé ìgbésí ayé mi lé e lórí, láìbéèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé ta ni wọ́n ń kà, báwo ni wọ́n sì ṣe ń kà á.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, obìnrin kan kanlẹ̀kùn ilé wa. Ó fi káàdì rẹ̀ hàn wá: àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀, Census Bureau, ló rán an. Ó ní wọ́n ti mú ilé wa mọ́ àwọn ilé tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, pé bíi 60,000 ilé ni wọ́n ń mú káàkiri Amẹ́ríkà lóṣooṣù. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n máa bi wá, wọn á fi wá sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, wọn á sì tún padà wá bi wá fún oṣù mẹ́rin. Ìyàwó mi ò fẹ́ kí n dáhùn. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ta ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa dé?" Obìnrin náà fara balẹ̀ ṣàlàyé pé òfin de òun, òun ò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ wa tàbí ìdáhùn wa fún ẹnikẹ́ni, kódà fún àwọn agbowó orí. Mo ní kó jókòó.

Àwọn ìbéèrè náà ò le. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ǹjẹ́ o ṣe iṣẹ́ kankan tó mówó wọlé? Rárá. Ǹjẹ́ o ti ń wá iṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí lo ṣe láti wá a? Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ méjì, mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá èèyàn wáṣẹ́, mo pe ọ̀gá mi àtijọ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lónìí, ṣé o lè bẹ̀rẹ̀? Kódà, bó jẹ́ lálẹ́ yìí ni. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kékeré orí itan rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Oṣù mẹ́rin ló fi bi mí bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìdáhùn mi fi jọra.

Ìparí ọdún yẹn ni owó àìríṣẹ́ṣe tí mò ń gbà dópin. Ọ̀sẹ̀ 99 ni wọ́n na án dé fún àwọn ìpínlẹ̀ tí nǹkan ti burú jù, Michigan sì wà lára wọn. Nígbà tí mò ń gba owó náà, dandan ni kí n máa wáṣẹ́, kí n sì máa kọ ibi tí mo dé sílẹ̀. Bí owó ṣe dá, bẹ́ẹ̀ ni agbára dá lára mi. Mi ò kọ̀wé sí ibì kankan mọ́. Ohun tí mò ń ṣe ò ju pé kí n ṣí ìwé ìròyìn láàárọ̀, kí n wo ojú ewé ìkéde iṣẹ́, kí n sì pa á dé.

Oṣù kìíní ọdún 2011, obìnrin náà padà dé. Ìbéèrè kan náà. Kí lo ti ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti wá iṣẹ́? Mo ní, "Mo ń wo ìkéde." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ohun mìíràn wà?" Mo ní kò sí. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Mi ò mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ti yọ mí kúrò láàárín àwọn aláìníṣẹ́.

Ìgbà tó di ìgbà ìrúwé ọdún yẹn, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo pé àìríṣẹ́ṣe ti ń lọlẹ̀ ní Michigan. Lóòótọ́ ni. Ó kọjá ìpín 12 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ó sì ti sún mọ́ 10 báyìí. Inú mi dùn gan-an. Ní oṣù yẹn kan náà, ìyàwó mi ti gba fọ́ọ̀mù wá fún mi láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré, àwọn tí wọ́n ń pè ní LPN, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa. Mo ti fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe nígbà tí ilé iṣẹ́ ti ń ṣílẹ̀kùn padà? Ẹkún ló sun lóru ọjọ́ yẹn. Bí mo bá rántí, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ní ilé ìkàwé ìlú wa ni mo ti pàdé ìyá àgbàlagbà kan tó máa ń ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìṣirò ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Mo sọ fún un tayọ̀tayọ̀ pé iye náà ti wálẹ̀. Ó wò mí, ó fa bébà kan jáde, ó mú pẹ́ńsù.

Ó ní, "Fi ọkàn rẹ ya ọgọ́rùn-ún èèyàn. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ń ṣiṣẹ́, mẹ́tàlá ń wáṣẹ́. Ìpín 13 nínú 100 nìyẹn." Ó fa ìlà kékeré mẹ́tàlá. Ó pa mẹ́ta rẹ́ nínú wọn. "Àwọn mẹ́ta yìí ti rẹ̀. Wọn ò wáṣẹ́ mọ́. Wọn ò ríṣẹ́ o, wọn kàn dákẹ́ sílé ni. Mẹ́wàá ló kù tó ń wáṣẹ́, èèyàn 97 ló sì kù tí wọ́n ń kà sí agbo òṣìṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wá a. Pín mẹ́wàá sí 97." Mo pín in. Ó jẹ́ 10 àti díẹ̀.

Ó ní, "Iye náà wálẹ̀. Ta ló ríṣẹ́?"

Ó wá bi mí léèrè ohun tí mo ti ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìgbà tí mo fèsì tán, ó rọra fi pẹ́ńsù kan ọ̀kan nínú àwọn ìlà mẹ́ta tó ti pa rẹ́. Ó ní bí èèyàn bá kàn ń wo ìkéde lásán, BLS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kì í kà á sí ìwáṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ohun kan tó lè mú kí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tó sì fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wádìí, ẹni tó níṣẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ kejìlá oṣù bọ́ sí. Bó o bá bá ẹnì kan gbé ẹrù lọ́jọ́ kejìlá, tó fún ọ lówó, o ti kúrò láàárín àwọn aláìníṣẹ́ lóṣù yẹn.

Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn tó mú iye yẹn wálẹ̀, iye tí mo wá ń dunnú sí.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ kankan ò padà rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti ń gba èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2006 sí 2012, ó lé ní 300,000 tí agbo òṣìṣẹ́ Michigan fi dín kù. Àwọn kan fẹ̀yìn tì, àwọn kan jókòó sílé bíi tèmi, ọ̀pọ̀ sì kó lọ sí Texas àti ibòmíràn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2010, Michigan nìkan ni ìpínlẹ̀ tí iye èèyàn rẹ̀ dín sí ti ọdún 2000. Nítorí náà, láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá kéde iye àìríṣẹ́ṣe, mo kọ́kọ́ máa ń wá iye méjì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èèyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́, mélòó ló sì wà nínú agbo òṣìṣẹ́. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá ń pọ̀ sí i tí àìríṣẹ́ṣe ń dín kù, ayọ̀ ni. Bí àìríṣẹ́ṣe àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá jọ ń dín kù, kí onílé tètè wo ilé rẹ̀ wò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyá náà fi àwòrán ìlà gígùn hàn mí lórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé. Àwòrán yẹn ló yí ayé mi padà. Láti bí ọdún 1990 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan jẹ́ ti iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìpèsè ọjà ní Michigan. Ní ọdún 2000 ó sún mọ́ 900,000. Ní 2009 kò tó 500,000 mọ́. Mo fi ìka mi tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó ya mí lẹ́nu ni pé ó ti ń wálẹ̀ tipẹ́ kí wàhálà ọdún 2008 tó dé. Ìgbà méjèèjì tí wọ́n dá wa dúró tí wọ́n tún pè wá padà wà níbẹ̀, bí gegele kékeré lára òkè tó ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Gegele ni mò ń wò. Mi ò rí òkè.

Kì í ṣe Michigan nìkan. Ọdún 1979 ni iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìpèsè ọjà pọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó lé ní mílíọ̀nù 19. Lónìí kò tó mílíọ̀nù 13. Ẹ̀rọ gba òmíràn, òkè òkun gba òmíràn, Mexico àti Ṣáínà pàápàá.

Ìlà kejì jẹ́ ti iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn àti arúgbó. Ó ń gòkè lọ́dọọdún, kódà ní àárín ọdún 2009 tí gbogbo nǹkan ń wó. Ìyá náà ò sọ ohunkóhun. Mo délé, mo bẹ ìyàwó mi, mo ní kó fún mi ní fọ́ọ̀mù yẹn. Ó ti fi pamọ́ sínú Bíbélì rẹ̀.

Ọdún 2013 ni mo gbàwé ẹ̀rí, ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Toledo sì gbà mí. Ìpínlẹ̀ Ohio ni Toledo wà, ṣùgbọ́n Michigan ni a ṣì ń gbé, a kàn kó lọ sí itòsí ẹnubodè ni. Ìgbà yẹn ló wá yé mi dáadáa pé ìwádìí méjì ni ìjọba ń ṣe. Ti ilé dé ilé tí wọ́n ṣe fún wa ń ka èèyàn, ibi téèyàn ń gbé ló sì ń kà á mọ́. Èkejì ń bi àwọn ilé iṣẹ́ léèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà nínú ìwé owó wọn, iṣẹ́ ló sì ń kà, níbi tí iṣẹ́ náà wà. Nítorí náà Michigan ka èmi, Ohio ka iṣẹ́ mi. Ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ méjì nígbà yẹn, ẹnì kan ni nínú ìwádìí àkọ́kọ́, iṣẹ́ méjì ni nínú èkejì. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀kan ní iṣẹ́ pọ̀ sí i, tí èkejì ní ó dín kù ní oṣù kan náà, ẹ má tètè sọ pé ẹnì kan ń parọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi kan pè mí láti Houston. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, North Dakota ni mò ń lọ o. Àwọn ni àìríṣẹ́ṣe wọn kéré jù ní gbogbo Amẹ́ríkà." Òótọ́ ló sọ, bíi 3 nínú 100 ni, epo rọ̀bì ló gbé e dé bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé, bí epo bá já lulẹ̀, iṣẹ́ mìíràn wo ló wà níbẹ̀? Ó ní mo ti ń bẹ̀rù jù. Ó lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2015, àgbá epo tó ti kọjá dọ́là 100 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti wá sísàlẹ̀ 50. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn níbi kànga epo, òun náà sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ iye àìríṣẹ́ṣe North Dakota fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, nítorí pé àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ò dúró níbẹ̀ kí wọ́n tó kà wọ́n. Wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Àbúrò mi náà padà sí Houston, tí iṣẹ́ epo ti dà rú ní tiẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kà á. Bí ìpínlẹ̀ bá kéré, tó sì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé e dúró, ẹ wo iye oríṣi iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó wo àìríṣẹ́ṣe rẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí mo fi ojú rí. Lóṣù keje, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Michigan máa ń tì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láti tún ẹ̀rọ ṣe fún ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Àwọn oníṣirò mọ̀, wọ́n sì máa ń yọ ipa àsìkò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iye náà. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ ò bá tì lọ́dún kan, iye tí wọ́n ti tún ṣe á fò sókè bí ẹni pé iṣẹ́ tuntun dé. Iye ìpínlẹ̀ kan fún oṣù kan ṣoṣo, mi ò fi í ṣe ìpinnu kankan mọ́. Àwọn ilé tí wọ́n ń bi nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré, kí BLS tó kéde, wọ́n máa ń pò ó mọ́ iye àwọn tó ń béèrè owó àìríṣẹ́ṣe àti ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ sọ. Ìyípadà ìdá kékeré kan láti oṣù sí oṣù lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Mo máa ń fi oṣù wé oṣù kan náà ní ọdún tó kọjá, mo sì máa ń wo ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ìlà gígùn náà fẹ́ ọgbọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, nínú èèyàn 100 tó ti tó ọmọ ọdún 16 sókè ní Amẹ́ríkà, bíi 67 ló ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá a. Ní 2024, ó tó bíi 62 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á ní ọ̀lẹ ti pọ̀. Rárá o. Àwọn tí wọ́n bí láti 1946 sí 1964, tí wọ́n pọ̀ bí eéṣú, ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Ọdún 2011 ni àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn pé ẹni ọdún 65. Ẹ wo àwọn tó wà láàárín ọdún 25 sí 54 nìkan: ní 2024, bíi 84 nínú 100 wọn ló wà nínú agbo òṣìṣẹ́, a ò rí irú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2001. Àwọn arúgbó tó ń fẹ̀yìn tì yìí kan náà ni èmi ń tọ́jú ní Toledo. Ìlà kan ń wálẹ̀, ó ń ti ìlà mìíràn sókè.

Ohun kan wà tó ń ká mi lára. Iye iṣẹ́ tí wọ́n bá kéde lóṣù yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n á tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀, àti lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á fi gbogbo rẹ̀ wé ìwé owó orí àìríṣẹ́ṣe tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń san fún ìpínlẹ̀, èyí tó kó bíi 95 nínú iṣẹ́ 100 mọ́ra. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n ní àkọ́kọ́ ìwéra fi hàn pé àwọn ti fi 818,000 ka iṣẹ́ ju iye tó wà lọ. Nígbà tí wọ́n parí ìṣirò náà ní ọdún 2025, ó di bíi 600,000. Ariwo ta pé ẹ̀tàn ni. Lójú mi, ẹni tó jáde síta sọ pé mo ṣì í kà, ó tún un ṣe, òun lèèyàn lè fọkàn tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n kéde pé iṣẹ́ tí wọ́n ti kà fún oṣù karùn-ún àti ìkẹfà fi 258,000 dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni Ààrẹ Trump yọ Erika McEntarfer, olórí BLS, kúrò nípò. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo rántí obìnrin tó jókòó nínú pálọ̀ wa pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Ohun tí mo sọ fún un ló kọ. Bí ohun tí mo sọ kò bá dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 2010, bíi 90 nínú ilé 100 tí wọ́n mú ló ń dáhùn. Báyìí kò tó 70. Bí àwa àjèjì àti ọmọ àjèjì bá ń tilẹ̀kùn, àwọn tí kò mọ ipò wa ni wọ́n á máa fi ṣírò fún wa.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Grand Rapids fi fọ́tò lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti mú ilé rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ní, "Dádì, ṣé kí n dá wọn lóhùn?" Mo wakọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó tì í nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù. Mo gbọ́ ìbéèrè náà láti inú fóònù, kò yí padà rárá: kí lo ti ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti wá iṣẹ́?

Ó ní, "Mo kọ̀wé sí ibi mẹ́ta. Ọ̀kan ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò."

Mo gbọ́ tí ẹni tó wà lórí fóònù ń tẹ̀ ẹ́.